Ẹ̀jẹ̀ Kọ́ Ni Òṣùwọ̀n Ọgbẹ́: Ìtàn Ìfarapa Wẹ́wẹ́ Lára Ọwọ́ Nídìí Iṣẹ́ Àtúnṣe Ilé

Ìfáàrà

Àwọn àgbà a máa wí pé ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ìwà ni òwe náà dá lé, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà ni a fi ń tún ilé ara ẹni ṣe. Ọwọ́ tí ó ń kan ìṣó mọ́ ilẹ̀kùn tí ó yẹ̀, tí ó ń pààrọ̀ páànù tí ìjì ká, tí ó ń pọ́n ọ̀bẹ, tí ó sì ń la igi fún ẹsẹ̀ àga, òun ni òòlù ń ṣì lù, òun ni ọ̀bẹ ń bù, òun náà sì ni ẹ̀gún igi ń wọ̀. Irú ìfarapa bẹ́ẹ̀ kì í dé etígbọ̀ọ́ aládùúgbò. Ẹni tí ó ṣe yóò ti ìka bọ ẹnu, yóò fa ojú ọgbẹ́ náà, yóò tutọ́, yóò gbọn ọwọ́ nù, iṣẹ́ a sì tún máa lọ.

Nítorí pé kì í dé ilé ìwòsàn, kò sí nínú àkọsílẹ̀. Àwọn òpìtàn ti kọ púpọ̀ nípa ọgbẹ́ ojú ogun, nítorí pé àwọn ìjọba a máa ka àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ lójú ogun àti àwọn tí ó kú síbẹ̀. Ta ni yóò jókòó ka ìka tí òòlù lù ní ẹ̀yìnkùlé? Bẹ́ẹ̀, ọgbẹ́ inú ilé pọ̀ ju ti ojú ogun lọ fíìfíì, ó sì ní ìtàn tirẹ̀. Ohun tí ìtàn náà fi hàn ni pé fún ìgbà pípẹ́, àti ní ilẹ̀ Yorùbá àti ní òkè òkun, ẹ̀jẹ̀ ni àwọn ènìyàn fi ń wọn ọgbẹ́. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá pọ̀ ni wọ́n ń kà sí ńlá, èyí tí kò bá ṣẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń kà sí kékeré. Kò ju nǹkan bí 140 ọdún lọ tí àwọn onímọ̀ ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ohun tí ó gba ojú ọgbẹ́ wọlé lè ju ohun tí ó gba ibẹ̀ jáde lọ. Ìmọ̀ náà kò sì tíì dé ọwọ́ gbogbo ẹni tí ó ń di òòlù mú.

Ọgbẹ́ àti egbò ní agbo ilé Yorùbá

Èdè Yorùbá ya ọgbẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára egbò. Ọgbẹ́ ni ojú tí irin tàbí igi ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Egbò ni èyí tí ó ti pẹ́ nílẹ̀, tí ó ti kẹ̀, tí ó ń ṣọyún. Bí ó bá wá kọ̀ tí kò san rárá, egbò àdáàjinná ni. Ẹni tí ó dá ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀ ti mọ̀ pé ọgbẹ́ kì í dúró lójú kan, pé ohun kan wà tí ó ń sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Orúkọ ohun náà ni kò sí.

Ní agbo ilé àtijọ́, kò sí ìdí láti ní orúkọ ọ̀tọ̀ fún iṣẹ́ tí onílé fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sí ilé rẹ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé ṣe ń dúró. Amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ògiri, koóko ni wọ́n fi ń bo òrùlé, wọ́n a sì bẹ ọ̀wẹ̀ bí iṣẹ́ bá ju agbára ẹnì kan lọ. Kódà ààfin Ọ̀yọ́ kò yàtọ̀. Koríko bẹẹrẹ tí àwọn ará ìlú ń rù wá láti fi bo òrùlé rẹ̀ ni ọdún Bẹẹrẹ fi gba orúkọ. Irin iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ kò ju àdá, ọkọ́, àáké àti ọ̀bẹ lọ. Ìwà tí àwọn irin wọ̀nyí ní ni pé wọ́n máa ń bù ni. Ojú ọgbẹ́ wọn a là gbàgà, ẹ̀jẹ̀ a tú jáde, a sì fọ díẹ̀ nínú ìdọ̀tí tí ó wà níbẹ̀ dànù. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀jẹ̀ wọn irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣìnà.

Nǹkan yí padà ní ìdajì kejì ọ̀rúndún 19. Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil padà dé àti àwọn Sàró tí wọ́n ti Sierra Leone wá kó iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà tuntun wọ Èkó: ilé olókè, fèrèsé onípákó, àjà pákó. Nígbà tí ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, tí owó kòkó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lẹ́yìn náà, páànù àti ìṣó àtòkèòkunwá gba ìgboro, wọ́n sì gba oko. Koóko kúrò lórí ilé. Láti ìgbà náà ni ìṣó ti wà nínú ilé gbogbo: ìṣó tuntun nínú ike, ìṣó àlòkù nínú agolo, ìṣó tí ó ta sílẹ̀ ní àgbàlá tí iyanrìn sì bò mọ́lẹ̀. Kódà àwọn obìnrin tí ó ń rin ẹ̀gẹ́ fún gàrí ń fi páànù tí a fi ìṣó dá lu kiri ṣiṣẹ́, oríkèé ìka wọn sì mọ etí rẹ̀ dáadáa.

Ìṣó kì í bù. Gígún ni ó ń gún. Ojú tí ó ń dá sí ara kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè má ju ẹ̀kán kan lọ, awọ a sì padé lé e lórí kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí a bá fi ẹ̀jẹ̀ wọ̀n ọ́n, ọgbẹ́ tí ó kéré jù lọ nínú ilé ni. Òun ni ó sì burú jù.

Ìwòsàn tí ó wà nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni ó dojú kọ. Ewé tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ jù lọ fún ọgbẹ́ ni ewé Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀. Wọ́n a fi àtẹ́lẹwọ́ ra á, wọ́n a fún omi rẹ̀ sí ojú ọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ a sì dá. Ọ̀pọ̀ gbà pé ìmọ̀ ìṣẹ̀ǹbáyé ni, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ tú àṣírí. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ewéko náà ti ṣẹ̀ wá. Àwọn onímọ̀ ewéko gbà pé ní nǹkan bí ọdún 1937 ni ó dé Nàìjíríà, tí ó bá irúgbìn igi mẹlínà tí wọ́n kó wá láti Ceylon, tí í ṣe Sri Lanka òde òní, wọlé láìròtẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó fi máa gba oko kan, ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú méjèèjì ni ó gba ẹnu, ni ó bá jẹ́ orúkọ wọn. Kò tíì pé 100 ọdún tí ewé yìí ti wà lọ́wọ́ wa, àwọn ènìyàn sì ti dán an wò, wọ́n ti mọ iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Ìyẹn nìkan tó láti fi hàn pé ìmọ̀ ìwòsàn ìbílẹ̀ kì í ṣe ohun tí ó dì sójú kan. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í sì í ṣe àròsọ: ní orílẹ̀-èdè Vietnam, wọ́n ti fi ewé kan náà ṣe òògùn ìpara fún iná àti ọgbẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀jẹ̀ dá jẹ́ ọ̀tọ̀, kí ohun tí ó ti wọlé kú jẹ́ ọ̀tọ̀.

Ìka John Thoreau

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé Yorùbá nìkan ni ó fi ẹ̀jẹ̀ wọn ọgbẹ́. Ọgbẹ́ ìka kan wà tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò parẹ́, nítorí pé àbúrò ẹni tí ó ṣe di òǹkọ̀wé ńlá. Ní ọjọ́ 1, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1842, ní ìlú Concord ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, John Thoreau kékeré ń fi awọ pọ́n abẹ ìfárùngbọ̀n rẹ̀ nínú ilé. Abẹ náà yẹ̀, ó sì bó awọ díẹ̀ ní orí ìka tí a ń fi òrùka sí ní ọwọ́ òsì. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. John dá awọ náà padà sí àyè rẹ̀, ó fi àkísà wé e, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ mẹ́jọ tí ó tú u wò, ojú ibẹ̀ ti ń kú. Kò pẹ́ tí àgbọ̀n rẹ̀ fi há, tí ara rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gan. Ní ọjọ́ 11 oṣù náà, ó kú sí ọwọ́ àbúrò rẹ̀, Henry David Thoreau.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Henry lẹ́yìn náà yani lẹ́nu. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àgbọ̀n tirẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í há, gbogbo àmì àìsàn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì hàn lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀. Ìbànújẹ́ ni, ó sì kọjá. Ní ọdún 1845, Henry yìí kan náà yá àáké, ó wọ inú igbó létí adágún Walden, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé oníyàrá kan. Nínú ìwé rẹ̀, Walden, tí ó jáde ní ọdún 1854, ó ṣírò gbogbo ohun tí ilé náà ná an, dọ́là 28 àti sẹ́ńtì 12 ààbọ̀, ó sì yọ iye owó ìṣó sọ́tọ̀: dọ́là 3 àti sẹ́ńtì 90. Ọ̀pọ̀ ni ó ń tọ́ka sí ìwé náà gẹ́gẹ́ bí ìwé ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ ara rẹ̀. Àwọn tí ó ń rántí pé ọdún mẹ́ta péré ni ó wà láàárín ìka John àti ìṣó wọ̀nyẹn kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Kí ni John ì bá ṣe? Ní ọdún 1842, kò sí dókítà kankan láyé tí ó lè sọ fún un. Ọgbọ́n tí ó lò, kí a dá awọ padà kí a sì wé e, bá ojú ohun tí a rí mu.

Láti inú ilẹ̀

Ìyípadà bẹ̀rẹ̀ ní Glasgow ní ọdún 1865, nígbà tí Joseph Lister fi kábọ́líìkì ásíìdì tọ́jú ọgbẹ́ ẹsẹ̀ ọmọdékùnrin kan tí kẹ̀kẹ́ ẹrù gùn, tí ọgbẹ́ náà kò sì kẹ̀. Ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 1867. Ohun tí ó gbà gbọ́, ní títẹ̀lé Louis Pasteur, ni pé àwọn kòkòrò àìfojúrí ni ó ń sọ ọgbẹ́ di egbò.

Èyí tí ó pa John Thoreau ni Yorùbá ń pè ní ipá. Ní ọdún 1884, Antonio Carle àti Giorgio Rattone ní ìlú Turin mú ọyún láti ara ẹni tí ipá pa, wọ́n fi sí ara ehoro, ipá sì mú àwọn ehoro náà. Ní ọdún yẹn kan náà, Arthur Nicolaier ní Jámánì ṣe ohun tí ó tún lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ: iyẹ̀pẹ̀ lásán ni ó fi sí ara ẹran, ẹran náà sì gan kú. Ìyẹn ni pé ohun tí ń pani wà nínú ilẹ̀ tí gbogbo wa ń tẹ̀. Ní ọdún 1889, Kitasato Shibasaburō, ọmọ Japan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Berlin, ya kòkòrò náà sọ́tọ̀.

Ìwà kòkòrò yìí ni ó tú àdììtú ìṣó. Kò fẹ́ràn atẹ́gùn. Nínú ilẹ̀, nínú eruku àti ìgbẹ́ ẹran, a máa wà nínú èèpo líle tí oòrùn àti ọ̀gbẹlẹ̀ kò lè fọ́, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ó bá bọ́ sínú ọgbẹ́ tí ó là gbàgà, atẹ́gùn kì í jẹ́ kí ó rọ́nà; bí ìṣó bá tì í wọ inú ẹran ara, tí awọ sì padé, ó délé. Níbẹ̀ ni yóò ti máa tú oró tí yóò gba inú iṣan ìmọ̀lára lọ, láàárín ọjọ́ 3 sí 21 nígbà púpọ̀, títí àgbọ̀n yóò fi há tí ẹ̀yìn yóò sì tẹ̀ bí ọrun. Nígbà náà, ojú ọgbẹ́ lè ti jinná tí ẹni náà kò ní rántí rẹ̀ mọ́. Ó tọ́ kí a fi kún un pé ìpáàrà ara ìṣó kọ́ ni ó ń fa ipá, bí ọ̀pọ̀ ti ń rò. Ìṣó tí ó ń dán, tí ó sì ti bọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀, lè pani.

Ní ọdún 1890, Kitasato àti Emil von Behring fi hàn pé ara lè kọ́ bí a ti ń pa oró náà. Láti ibẹ̀ ni omi ara ẹṣin tí wọ́n fún àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ti wá, àti láti ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára tí Pierre Descombey ṣe ní ọdún 1924 ní Paris ti wá. Nínú Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gba abẹ́rẹ́ yìí. Nínú ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù 2.7 ènìyàn tí wọ́n gbà sí ilé ìwòsàn nítorí ọgbẹ́ àti ìfarapa, ènìyàn 12 péré ni ipá mú.

Pílásítà

Ní ọdún 1920, ní New Brunswick ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ọkùnrin kan tí ó ń jẹ́ Earle Dickson ń ra òwú fún ilé iṣẹ́ Johnson & Johnson. Ìyàwó rẹ̀, Josephine, máa ń fi ọ̀bẹ bu ìka, iná sì máa ń jó o nídìí oúnjẹ. Báńdéèjì ìgbà náà tóbi, ẹnì kan kò sì lè fi ọwọ́ kan wé ọwọ́ kejì. Dickson tẹ́ ìgbànú tí ó ní ohun lílẹ̀ lára sílẹ̀, ó to òwú wẹ́wẹ́ sí àárín rẹ̀, ó fi aṣọ bò ó kí ó má baà lẹ̀ mọ́ra, Josephine sì lè máa gé e fúnra rẹ̀ bí ó bá ti fẹ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tà á, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, ó fẹ̀ tó íǹṣì 3, ó sì gùn tó íǹṣì 18. Ọjà tí wọ́n tà ní ọdún àkọ́kọ́ kò ju nǹkan bí dọ́là 3,000 lọ. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ọdún 1924, wọ́n sì ń fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Bọ́isíkáùtù lọ́fẹ̀ẹ́ kí ó lè mọ́ àwọn ènìyàn lára. Orúkọ ọkọ ni ìtàn ń dá, ṣùgbọ́n ìka ìyàwó ni ilé ẹ̀kọ́.

Pílásítà ṣe ohun tí ó yẹ ní ìyìn: ó gba ìtọ́jú ọgbẹ́ kékeré kúrò lọ́wọ́ àkísà. Síbẹ̀, ọ̀nà àtijọ́ ni ó tọ̀. Ó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ó sì ń dènà ìdọ̀tí tí kò tíì wọlé. Èyí tí ìṣó ti gbé wọlé kò sí ní abẹ́ àkóso rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí kò ti sí ní abẹ́ àkóso ewé Akíntọ́lá.

Nígbà tí onílé di káfíńtà

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, oníṣẹ́ ọwọ́ di ọ̀wọ́n ní Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà, owó wọn sì ga. Onílé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1946, ilé iṣẹ́ Black & Decker gbé ẹ̀rọ tí a fi ń dá igi àti ògiri lu jáde fún ìlò inú ilé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1954, ìwé ìròyìn Time gbé àṣà tuntun yìí sí iwájú ìwé rẹ̀. Ní ọdún 1962, Barry Bucknell tún ilé àlòkù kan ní Ealing, ní Lọ́ńdọ́nù, ṣe lójú gbogbo ènìyàn lórí tẹlifíṣàn BBC. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tí kò kọ́ṣẹ́ rí wá di ẹni tí ó ń di ayùn mú ní ọjọ́ Sátidé. Ọwọ́ tí ó di irin iṣẹ́ mú ń ṣe àṣìṣe, ọwọ́ kejì tí ó di igi mú, èyí tí ó jẹ́ òsì fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ni ó ń jẹ ìyà rẹ̀.

Ọgbẹ́ pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ipá kò bá a pọ̀. Ní Bìrìtìkó, àwọn ọmọ ogun ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára láti ọdún 1938. Ní ọdún 1961, ó di ti gbogbo ọmọdé jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ẹni tí ó kù sí gbangba ni àgbàlagbà tí a bí ṣáájú ètò náà, pàápàá ìyá arúgbó tí kò ṣe iṣẹ́ ológun rí, tí ó sì ń ro ọgbà rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Níbẹ̀, ogun ni ó dáàbò bo ọkùnrin.

Ní ilẹ̀ wa, oyún ni ó dáàbò bo obìnrin. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò àjẹsára tí ó gbòòrò ní ọdún 1979, ọmọ ọwọ́ àti aboyún ni ó sì dojú kọ, nítorí pé ìwọ́ ọmọ tuntun ni ipá ń gbà wọlé jù lọ. Ọdún 1989 ni Àpérò Ìlera Àgbáyé pe gbogbo orílẹ̀-èdè láti fòpin sí ipá ọmọ tuntun. Ìpinnu rere ni, ẹ̀mí tí ó sì gbà là kò kéré. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ọdún mìíràn. Ní ọdún 1982, ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ sì fi òòlù, ayùn àti ìṣó lé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì kékeré lọ́wọ́. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan fi ìṣó lé ọmọ lọ́wọ́. Ẹ̀ka ìlera ti gbé ètò rẹ̀ kalẹ̀ fún àwọn àbúrò ọmọ náà, nítorí pé a ti bí àwọn ọmọ àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn ṣáájú ọdún 1979. Kò sí ẹni tí ó so ọdún méjèèjì pọ̀.

Ààbò tí ọmọ ọwọ́ sì gbà kì í bá a dàgbà. A máa dínkù bí ọdún ti ń gorí ọdún. Láti ọdún 2012, nígbà tí ìdádọ̀dọ́ àwọn ọkùnrin àgbà láti dín àrùn kògbóògùn kù ń lọ lọ́wọ́ ní ìlà-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà, ipá mú àwọn kan nínú wọn, ó sì hàn gbangba pé ọkùnrin ni ètò àjẹsára ti gbàgbé. Ní ọdún 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé là á sílẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni ó yẹ kí ènìyàn gba abẹ́rẹ́ náà, ọkùnrin àti obìnrin: ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ní ọmọ ọwọ́, lẹ́yìn náà láàárín oṣù 12 sí 23, láàárín ọdún 4 sí 7, àti láàárín ọdún 9 sí 15.

Obìnrin tí ó ti bímọ mẹ́ta tí ó sì forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìgbẹ̀bí ní káàdì kan níbi tí wọ́n ti kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ sí. Ọkọ rẹ̀ ni ó ń gun òrùlé lọ kan páànù, òun ni ó ń tú férémù àtijọ́, òun ni ó ń fi eyín fa ìṣó dúró kí òòlù tó dé. Kò sí ibi tí a kọ ti rẹ̀ sí.